Ògiri Ilé Kejì Ti Ń Tẹ̀ Sọ́dọ̀ Wa

ÌBÉÈRÈ

Baba Wolé-wolé, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìdáhùn tí ẹ ń fún àwọn èèyàn, mi ò mọ̀ pé èmi náà á di ẹni tí yóò kọ̀wé sí yín.

Ẹ̀bútè Mẹ́ta là ń gbé. Ọkọ mi ló jogún ilé wa lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, a sì ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ bí owó bá ṣe ń wọlé. Ilé tó wà lápá ọ̀tún wa ni wàhálà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, ó ní fèrèsé gígùn-gígùn àti ọ̀nà ara lójú ilẹ̀kùn bíi ti àwọn Àgùdà. Bàbá tó ni ín ti kú kí n tó wọlé ọkọ. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí ayálégbé tó kẹ́yìn ti kó jáde. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń wọ ibẹ̀ mọ́ àfi àwọn ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń gba ẹ̀yìn wọlé lóru lọ mu igbó. Òrùlé ti jìn sínú. Páànù tó kù, tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́, gbàgà-gbàgà ni títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lóṣù tó kọjá, a pa ejò kan lẹ́nu ilé ìdáná wa. Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù jù ni ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé náà: ó ti tẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Igi kan hù lókè rẹ̀, ó sì ti là láti ìdí igi yẹn wá dé ìsàlẹ̀ fèrèsé. Yàrá tí Ẹniọlá àti àbúrò rẹ̀ ń sùn ló kọjú sí i gan-an.

Mo ti lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó títí di aago méjì ọ̀sán, wọ́n wá ní ẹni tó ń mójú tó àdúgbò wa ò wá síbi iṣẹ́. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tí mo sọ, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Baltimore lÁmẹ́ríkà. Ó ní tó bá jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ni, ìjọba ìlú á ti gba ilé náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì tà á fún ẹni tó máa tún un ṣe. Ṣé irú òfin bẹ́ẹ̀ ò sí lÉkòó ni? Ohun tó tún wá da ọ̀rọ̀ rú ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bàbá onílé yẹn wá bá ọkọ mi ní Sátidé tó kọjá. Ó ní òun fẹ́ ta ilé náà, pé òun á tà á ní ọ̀pọ̀ fún wa bí a bá lè tètè san ìdajì. Ọkọ mi ti ń kówó jọ. Ẹ gbà mí o, sà. Kí ni ká ṣe?

Ó ku ẹyọ kan, ẹ má bínú. Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìnkùlé wọn tó ti na ẹ̀ka sọ́dọ̀ wa, ó sì ń so gan-an. Ṣé a lè máa ká a?

Ìyá Ẹniọlá, Ẹ̀bútè Mẹ́ta

ÌDÁHÙN

Ìyá Ẹniọlá, ẹ kú ìrọ́jú. Kí n tó fọwọ́ kan ìbéèrè kankan nínú lẹ́tà yín, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín: láti alẹ́ òní lọ, kí àwọn ọmọ yẹn má sùn ní yàrá yẹn mọ́. Ẹ tẹ́ ẹní fún wọn ní pálọ̀. Bí pálọ̀ ò bá gbà wọ́n, kí wọ́n lọ máa sùn lọ́dọ̀ ìyá àgbà wọn fún ìgbà díẹ̀. Mi ò sọ ọ́ láti kó yín láyà jẹ. Ògiri tó ti tẹ̀, tí igi hù lórí rẹ̀, tí òrùlé ò bò ó mọ́, òjò ńlá kan ló kù fún un. Ẹ̀yin náà ò ní gbàgbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wó ní Òpópónà Ìbàdàn, ládùúgbò yín níbẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Àwọn èèyàn wà nínú ilé wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ògiri yẹn dáadáa. Bí igi orí rẹ̀ bá jẹ́ ọdán, bí mo ṣe rò, ẹyẹ ló gbé e débẹ̀. Ẹyẹ á jẹ èso ọdán, á bà sórí ògiri, á yàgbẹ́, kóró inú ìgbẹ́ yẹn á sì bọ́ sínú ihò tí símẹ́ǹtì ti ṣí kúrò. Lákọ̀ọ́kọ́, ewé mélòó kan péré lẹ máa rí, ó tilẹ̀ máa ń dùn ún wò. Kò ní pẹ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ á fi máa wá omi lọ sísàlẹ̀. Gbòǹgbò tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ ló kọ́kọ́ ń wọ àárín bíríkì; nígbà tó bá fi máa sanra tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé, ògiri ti là. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wá ń ṣe ni pé wọ́n á rán ọmọkùnrin kan gòkè pé kó lọ fà á tu. Ẹ má dán an wò. Gbòǹgbò kan náà tó la ògiri ló tún di apá òkè mú tí kò fi tíì já bọ́. Ẹni tó bá fà á, apá yẹn ni yóò bá a wá sílẹ̀. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi igi ti ògiri náà, kó tó máa gé ọdán yẹn wálẹ̀ níwọ̀nba níwọ̀nba.

Èyí tí ẹ̀yin lè ṣe láìfọwọ́ kan ohunkóhun nìyí: ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ẹ dúró sí ojú kan náà, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ibi tó là. Bó bá ń fẹ̀ sí i, fọ́tò á sọ. Àmọ́ ẹ má dúró de fọ́tò ìkejì kí ẹ tó kọ̀wé o. Ti ọ̀sẹ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ yìí ni ibi tí nǹkan ti wọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹnu lẹ fi sọ ọ́. Ọdún 31 ni mo fi jókòó sídìí tábìlì ìjọba, mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹni tó gbọ́ ọ lè ní òun ò gbọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí, tí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú déètì ọjọ́ tí wọ́n gbà á, ó ti di ẹrù ẹnì kan. Bí ilé bá wó lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ kan wà tí wọn yóò pè. Ẹ ò lè mọ bí ìyẹn ṣe ń mú ènìyàn dìde nídìí tábìlì.

Lẹ́tà méjì ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ ẹyọ kan. Ti ògiri, ti òrùlé, ti ilé tó fẹ́ wó, LASBCA ni, ìyẹn àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́ àti ilé tó ti di ewu. Wọ́n ní ọ́fíìsì káàkiri àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ti koríko, ti ejò, ti omi tó dá rogún tí ẹ̀fọn ń yé sí, ti ìdọ̀tí, àwọn wolé-wolé ní káńsù Mainland ni. Bí ẹ bá kó méjèèjì sínú lẹ́tà kan, ọ̀dọ̀ ìhín á ní ejò kì í ṣe iṣẹ́ òun, ọ̀dọ̀ ọ̀hún á ní ògiri kì í ṣe tòun, lẹ́tà yín á sì sùn sáàárín méjèèjì. Èmi náà ti jẹ́ kí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sùn rí, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ẹ má kọ ìwé gígùn. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé náà àti òpópónà. Ẹ kọ iye àjà tó ní àti apá ibi tó tẹ̀ sí. Kí ọkọ yín fi téèpù wọn ìwọ̀n ẹsẹ̀ tó wà láàárín ògiri yẹn àti tiyín, láti ọ̀nà tiyín o. Ẹ kọ iye èèyàn tó ń sùn nínú ilé yín, kí ẹ sì dárúkọ ọmọdé níbẹ̀. Ẹ lẹ fọ́tò mọ́ ọn. Ìwà àwọn ọmọ bàbá onílé, ẹ má kọ ọ́ sí i.

Tí wọ́n bá wá wò ó, tí wọ́n sì rí i pé ewu ni, wọ́n á fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri, wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ọn fún onílé. Wọ́n lè ní kí Lagos State Materials Testing Laboratory wá yẹ ilé náà wò. Àwọn yẹn máa ń gbé irin kan dání bí òòlù, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri àti òpó, ó máa ń ta padà, ibi tó bá ta dé ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó ṣì le. Bí ilé bá yege, onílé á gba àṣẹ àtúnṣe. Bí kò bá yege, wọ́n á ní kó wó o. Bí onílé bá kọtí ikún, ìjọba á wó o, á sì gbé ìwé owó iṣẹ́ náà fún un. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti onílé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀dà pupa nìkan kì í dá ògiri dúró. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Ìta Fájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé-ìwé àwọn ọmọdé wà lókè rẹ̀. Ìròyìn ìgbà náà ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti fi àmì sí ilé yẹn tipẹ́ pé ó yẹ ní wíwó. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọ̀dà lára ògiri, ẹ má lọ sinmi. Ẹ tún kọ lẹ́tà: “Ní ọjọ́ báyìí ẹ fi àmì sí i, òní ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.” Ẹ tún gba òǹtẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Baltimore. Ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́. Wọ́n ní ìwé kan níbẹ̀ tí ìlú ń lẹ̀ mọ́ ilé tó ti ṣófo, tó sì ti bà jẹ́. Bí onílé ò bá tún un ṣe, ìjọba ìlú lè lọ bá kóòtù, kóòtù á yan ẹni tí yóò gba ilé náà sọ́wọ́, tí yóò tà á fún ẹni tó lágbára láti tún un ṣe. Ọ̀nà kejì tún wà fún ilé tí gbèsè owó orí àti owó omi tó wà lórí rẹ̀ ti ju iye ilé náà fúnra rẹ̀ lọ. Ilé gan-an ni ìlú ń pè lẹ́jọ́ níbẹ̀, kì í ṣe onílé; wọn ò ní wá a kiri kí wọ́n tó gbẹ́jọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rẹ́rìn-ín. Mo fojú inú rí ilé bàbá àgbà mi kan nínú àpótí ẹjọ́, òun àti àwọn páànù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín pé ilé ahoro mélòó ló ṣì wà ládùúgbò wọn. Ní ìparí ọdún 2023, pẹ̀lú gbogbo òfin wọ̀nyí, nǹkan bíi 13,000 ilé ló ṣì ṣófo ní Baltimore. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni olórí ìlú wọn, Brandon Scott, kéde ètò kan tí yóò gba bílíọ̀nù 3 dọ́là láàárín ọdún 15. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, panápaná mẹ́ta kú nínú ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ tó gbiná tó sì wó lé wọn lórí. Ìdí tí ilé fi ń di ahoro níbẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Ìlú tó ní nǹkan bíi 950,000 èèyàn lọ́dún 1950 kò ní ju nǹkan bíi 585,000 lọ mọ́ nígbà tí wọ́n ka orí ní 2020. Iṣẹ́ irin lọ, àwọn tó lówó kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, ilé kù láìsí olùgbé. Ní London ní tiwọn, owó orí ni wọ́n fi ń lé ọ̀lẹ onílé: láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, káńsù lè sọ owó orí ilé tó bá ti ṣófo fún ọdún kan di ìlọ́po méjì, bó bá sì ti pé ọdún mẹ́wàá, ó lè di ìlọ́po mẹ́rin. Ilé tí wọn kì í gbé di ohun tí ń jẹ onílé lápò lójoojúmọ́.

Tiwa lÉkòó, àìsí èèyàn kọ́ ló ń fà á. Ta ni ò mọ iye tí wọ́n ń gba yàrá kan ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta báyìí? Àwọn tó ni ilé ló pọ̀ jù. Ilé ẹbí ni. Ká sọ pé bàbá kú, kò ṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́ta àti ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀. Àwọn tí ń gbé níbẹ̀ ò fẹ́ san owó àtúnṣe torí àwọn tí kò sí níbẹ̀ yóò jẹ nínú rẹ̀. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ò fẹ́ fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ torí àwọn tí ń gbé níbẹ̀ ló ń gbádùn rẹ̀. Òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò láàárín wọn. Kò sẹ́ni tí kò lówó páànù mẹ́wàá nínú ọmọ mọ́kànlá; ohun tí wọn ò ní ni ẹni tí gbogbo wọn gbà kó ra páànù náà.

Ibi tí ọwọ́ ìjọba kì í dé nìyẹn. Òfin fún un lágbára láti mú ewu kúrò, kò fún un lágbára láti parí ìjà orogún. Òfin ilẹ̀ ti 1978 gba gómìnà láyè láti gba ilẹ̀ nítorí ànfààní gbogbo ìlú, àmọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò rí i kí wọ́n lò ó nítorí ilé ẹbí kan ṣoṣo tí koríko bò. Òfin ètò ìlú ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2010, wá ní bí ilé bá wó nítorí àìbìkítà onílé, ilẹ̀ rẹ̀ lè di ti ìjọba. Lẹ́yìn tó bá wó nìyẹn o! Mo ti sọ ọ́ títí nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ pé òfin tó ń dúró de òkú kí ó tó sọ̀rọ̀ ò dára tó. Ọwọ́ ìjọba fúnra rẹ̀ ò sì mọ́. Ẹ lọ wo Federal Secretariat ní Ìkòyí. Wọ́n kó ìjọba lọ sí Àbújá ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, wọ́n ta ilé náà ní 2006, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹni tó rà á àti ìjọba ìpínlẹ̀, ilé ńlá bẹ́ẹ̀ kàn ń wo sùn-ùn lójú òjò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba náà mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ orogún.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ arákùnrin tó wá bá ọkọ yín ní Sátidé. Ẹ sọ fún ọkọ yín kó dá owó padà sí báńkì kíákíá.

Ilé ẹbí, ẹnì kan ò lè tà á. Kóòtù ti là á mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: bí ọmọ kan nínú ẹbí bá ta ilé láìsí ti olórí ẹbí, títà yẹn ò sí rárá, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ ni. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìbá àwọn àgbà ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, sọ̀rọ̀, àwọn yẹn lè lọ bá kóòtù kí wọ́n dà á nù. Lọ́nà méjèèjì, ẹni tó sanwó ni yóò máa sunkún káàkiri. Ọ̀rọ̀ ìdí igi yìí ti dé òkè òkun rí. Ọkùnrin kan lÉkòó, Suberu Dawodu, kú ní 1940 láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí igi ni kí wọ́n fi pín in, àbí orí-ò-jorí, ìyẹn iye orí ọmọ? Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí igi ti di ohun àtijọ́. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ yí i padà ní 1958, Privy Council, ilé ẹjọ́ kan ní London, sì fọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí igi ni àṣà Yorùbá, àti pé bí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí láti fi parí rẹ̀. Ẹ wo ọdún tó wà láàárín 1940 sí 1962. Ọdún 22! Òrùlé wo ló máa dúró de ìyẹn?

Kí ọkọ yín bi arákùnrin yẹn pé: ta ni olórí ẹbí yín báyìí? Ìdí igi mélòó lẹ jẹ́? Ṣé ẹnikẹ́ni ti gba ìwé àṣẹ àbójútó ogún ní kóòtù? Bó bá ń wo ilẹ̀, ẹ ti mọ̀. Bó bá dárúkọ àwọn èèyàn, ẹ lọ bá wọn fúnra yín, láìmú un dání. Ẹ sì jẹ́ kí lọ́yà ṣe ìwádìí ní ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ ní Aláúsá. Ẹ̀bútè Mẹ́ta kì í ṣe ilẹ̀ tí ò ní ìtàn o. Ní 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn onígbàgbọ́ kúrò ní Abẹ́òkúta, Gómìnà Glover ló fún wọn nílẹ̀ níbẹ̀, ó sì là á ní òpópónà gbọọrọ-gbọọrọ bí ẹni fa ìlà sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ló wà lórí rẹ̀, ìwé yẹn sì lè yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ ẹbí kan ń sọ.

Ohun kan tún wà nínú lẹ́tà yín tí mi ò fẹ́ fò. Ẹ ní ó jọ ilé Àgùdà. Ẹ jẹ́ kí èyí wà nínú lẹ́tà yín sí LASBCA, nítorí wíwó kọ́ ni ojútùú kan ṣoṣo. Ní Tinúubú, ilé kan wà tẹ́lẹ̀ tí à ń pè ní Ilojo Bar, èyí tí ẹbí Fernandez, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, kọ́ ní nǹkan bíi 1855. Ìjọba ti kéde rẹ̀ ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, kò gbọdọ̀ di wíwó. Wọn ò tún un ṣe, ìjà ẹbí wà nídìí rẹ̀, wọ́n ní ó ti di ewu. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, katakata wó o. Mo dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kejì, mo rí bíríkì tó dàgbà ju gbogbo wa lọ tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ bíi yanrìn. Ẹ ní kí wọ́n wo bóyá yíyọ òrùlé tó kù àti sísọ ògiri apá yẹn kalẹ̀ títí dé ìdajì máa tó mú ewu kúrò. Ó sábà máa ń tó.

Bí lẹ́tà bá ti wọlé, ẹ lọ wá ẹbí náà. Bí a ò bá sọ fún ará ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú, ẹ mọ ìyókù. Àmọ́ ẹ má lọ jà. Ẹ béèrè ẹni tó dàgbà jù láàyè nínú wọn. Obìnrin ló sábà máa ń jẹ́, àbúrò bàbá onílé kan tí kò sẹ́ni tó ń bi léèrè. Ẹ fi fọ́tò ògiri àti fọ́tò àwọn ọmọ yín hàn án. Bí wọ́n bá gbà láti jókòó, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wà, wọn kì í gba kọ́bọ̀, wọ́n á pè wọ́n jọ, wọ́n á bá wọn kọ àdéhùn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè gbà pé kí wọ́n gbé ilé náà fún ẹnì kan kọ́ fún iye ọdún kan, tàbí kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i kí wọ́n tà á. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á nígbà yẹn, ẹ rà á lọ́wọ́ gbogbo wọn. Bí wọ́n bá kọ̀ láti jókòó, ọ̀kan nínú wọn lè ní kí kóòtù pín in tàbí kó tà á kó pín owó rẹ̀. Àwọn nìkan ló lè béèrè ìyẹn, ẹ̀yin ò lè bá wọn béèrè.

Ó ku ọ̀rọ̀ máńgòrò. Nínú òfin tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè gé ẹ̀ka tó wọ ọ̀dọ̀ yín, èso orí rẹ̀ sì jẹ́ ti onígi. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ yín ti ń jẹ ẹ́ kí ẹ tó bi mí. Ẹ ṣa èyí tó bá já bọ́ sọ́dọ̀ yín, ẹ kó àwọn tó dára nínú rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, kí ẹ gbé e dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ kí àgbà ẹbí náà. Ẹ sọ fún un pé igi bàbá wọn ṣì ń so. Kí ẹnikẹ́ni má gun ún o. Ó ṣeé ṣe kó sún mọ́ ògiri yẹn.